Hánẹ́ẹ̀sì fún káìtì-fọ́ìlì: ti ìbàdí àbí ti ìjókòó, ìkọ́ irin àbí okùn?

Fọ́ìlìTuntun

Ẹ kú iṣẹ́ o. Hánẹ́ẹ̀sì ìbàdí tó rọ̀ ni mo ní, ìyẹn bẹ́líìtì ńlá tí a fi ń so ara mọ́ káìtì, ìwọ̀n M. Irin iwájú rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní spreader bar, fẹ̀ tó 25 cm, ìkọ́ irin ló sì wà lójú rẹ̀. Lórí pátákó lásán kò yọ mí lẹ́nu. Lórí fọ́ìlì, pátákó tó ní ìyẹ́ lábẹ́ omi tó ń gbé e sókè, hánẹ́ẹ̀sì ń gòkè títí tó fi ń kan egungun ìhà, irin iwájú sì máa ń yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tí mo bá ń gun òkè atẹ́gùn, ìyẹn tí mo bá ń lọ síhà ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá.

Ìbàdí mi jẹ́ 84 cm, mo wọn 78 kg, káìtì mi jẹ́ 7 àti 9 m². Mi ò díje, ṣùgbọ́n mo fẹ́ máa gun òkè atẹ́gùn dáadáa. Ṣé kí n ra hánẹ́ẹ̀sì líle oní-káábọ́nù ni, àbí ti ìjókòó, àbí kí n yọ ìkọ́ kí n fi okùn sí i?

Ìkọ́Irin

Ẹ má tíì náwó. Ẹ kọ́kọ́ wo ohun tó yí padà.

Pátákó lásán ń fi etí ha omi, nítorí náà ìfà káìtì pọ̀, ẹ̀gbẹ́ ló sì ti ń wá. Ìfà ẹ̀gbẹ́ yẹn fúnra rẹ̀ ló ń tẹ hánẹ́ẹ̀sì mọ́ ẹ̀yìn yín. Fọ́ìlì kì í fi bẹ́ẹ̀ ha omi. Ìfà kéré, ẹ sì ń dúró ṣánṣán, káìtì sì máa ń wà lókè ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí náà òkè ni ìfà kékeré yẹn ń lọ. Nígbà tí ẹ bá ń yí ojú pátákó padà, káìtì á kọjá lórí yín gan-an, kò wá sí ohun tó di hánẹ́ẹ̀sì mú mọ́ bí kò ṣe bó ṣe fún mọ́ ara tó. Hánẹ́ẹ̀sì yín ò bàjẹ́ o. Ohun tí wọ́n fi ń dì í mú tẹ́lẹ̀ ló lọ.

Ti irin tó ń yí: tí ẹ bá ń gun òkè atẹ́gùn, àyà yín kọjú síwájú, káìtì wà lápá kan. Ìkọ́ tó dúró sójú kan láàárín ikùn ò lè tẹ̀ lé ìfà, nítorí náà gbogbo irin ló máa tẹ̀ lé e, táá sì fa hánẹ́ẹ̀sì yí ara ká. Tó bá jẹ́ okùn ni, òrùka tí a so káìtì mọ́ á rọra sún lórí okùn lọ síbi ìbàdí iwájú, irin á sì wà ní àyè rẹ̀.

TéèpùÌwọ̀n

Òótọ́ lọ̀rọ̀ yẹn, ṣùgbọ́n kí ẹ tó ra okùn, ẹ yẹ irin wò. Nínú hánẹ́ẹ̀sì mẹ́wàá tí wọ́n ní ó ń gòkè, irin tó fẹ̀ jù ló ń fa ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn.

Ẹ wọ aṣọ rọ́bà tí ẹ máa ń wọ̀ sínú omi, ẹ gbé hánẹ́ẹ̀sì sí i, ẹ fún un bí ẹ ṣe máa ń fún un. Lẹ́yìn náà ẹ wọn àlàfo láàárín etí hánẹ́ẹ̀sì àti orí irin, lọ́tùn-ún àti lósì. Ó yẹ kí àlàfo wà, kí ó sì dọ́gba. Bí etí hánẹ́ẹ̀sì bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan irin, kò sí ibi tí ẹ tún máa fún un dé mọ́. Nínú omi, fóòmù á rọ̀, báńdì á nà díẹ̀, hánẹ́ẹ̀sì tó fún létí omi á ti dẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ẹ kọ nọ́ńbà yẹn síbí. Ẹ tún sọ ibi tí ìkọ́ wà sí ìdodo yín.

Eléré_Ìje

Ẹ jẹ́ kí n da omi sí i díẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gun òkè atẹ́gùn kíkankíkan, ti ìjókòó ni kó lọ rà. Ẹ wo àwọn tó ń díje Formula Kite, irú èyí tí wọ́n ṣe ní Marseille níbi Òlíńpíìkì 2024: káìtì ńlá, ara tẹ́ sẹ́yìn dé ibi tí èjìká ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan omi. Ìfà yẹn gbọ́dọ̀ bọ́ sí ìdí àti egungun ìbàdí, kì í ṣe sí ọ̀pá ẹ̀yìn. Bí ìkọ́ bá sì ṣe lọ sílẹ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni agbára tó fẹ́ da yín dojú délẹ̀ ṣe ń dín kù. Ìkọ́ irin, kì í ṣe okùn. Òrùka tó bá ń rìn á máa sún ìfà kiri nígbà tí ẹ fẹ́ kó dúró sójú kan.

Ìkọ́Irin

> Ẹni tó bá fẹ́ gun òkè atẹ́gùn kíkankíkan, ti ìjókòó ni kó lọ rà.

Fún ẹni tó ń fi káìtì tó ju 20 m² lọ díje, mi ò jiyàn. Ẹni tó béèrè ń lo 7 àti 9 m². Ẹni tó wọ ti ìjókòó tó sì dúró ṣánṣán, báńdì itan á máa gé e lábẹ́, ìdí á máa tẹ̀ bí ẹni fẹ́ jókòó, yíyí ẹsẹ̀ padà lórí pátákó á sì le torí pé itan ò ráyè gòkè. Tí ìfà ò bá pọ̀ tó láti gbé ìwúwo ara yín, ti ìjókòó ò ní ṣe nǹkan kan fún yín bí kò ṣe kó máa há yín mọ́.

Eléré_Ìje

Ẹ dẹ báńdì itan ni. Ẹ fún un tán, ẹ lóṣòó pátápátá lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ tó dẹ̀ ẹ́ ní 2 sí 3 cm. Àwọn tó ń ráhùn nípa itan, ìdúró ni wọ́n ti fún un.

Ṣùgbọ́n mo gbà: fún 9 m² ìgbafẹ́, ti ìbàdí á tó.

Fọ́ìlìTuntun

Mo ti wọ̀n ọ́n. Lósì àlàfo jẹ́ 1 cm, lọ́tùn-ún 4 cm. Ìkọ́ wà lókè ìdodo pẹ̀lú nǹkan bí ìka méjì. Irin fúnra rẹ̀ ni 25 cm.

TéèpùÌwọ̀n

Ọ̀rọ̀ ti yé wa. Nǹkan mẹ́ta ló kó jọ síbẹ̀.

Irin yín fẹ̀ jù fún ìbàdí 84 cm nínú hánẹ́ẹ̀sì yẹn. Ẹ wá irin tó tó 22 sí 23 cm, tó sì tẹ̀ yípo bí ikùn, kì í ṣe èyí tó gùn gbọọrọ. Irin tó bá fẹ̀ jù, orí rẹ̀ méjèèjì ló máa ń gún ìhà nígbà tó bá yí. Àlàfo 1 sí 4 yẹn náà fi hàn pé ẹ̀gbẹ́ kan ni ẹ máa ń fún. Ẹ tú méjèèjì, ẹ gbé àárín ẹ̀yìn hánẹ́ẹ̀sì sí àárín ọ̀pá ẹ̀yìn, kí ẹ tó máa fún wọn lẹ́sẹẹsẹ, ọ̀tún díẹ̀, òsì díẹ̀.

Ẹ̀kẹta, ẹ wọ̀ ọ́ sí ìsàlẹ̀. Etí ìsàlẹ̀ hánẹ́ẹ̀sì gbọ́dọ̀ jókòó lé orí egungun ìbàdí, kí ìkọ́ sì wà ní ìdodo tàbí ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ díẹ̀. Báńdì ìsàlẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ fún, òun ló ń dènà kí ìkọ́ má dojú kọ òkè. Báńdì òkè á tẹ̀ lé e, kí ó fi díẹ̀ dẹ̀ ju ti ìsàlẹ̀ lọ kí ẹ lè mí. Tí ẹ bá ti wọ omi, ẹ tún un fún lẹ́ẹ̀kan sí i kí ẹ tó gun pátákó.

OkùnÒJá

Ní báyìí tí irin ti di pípààrọ̀, ẹ kúkú ra èyí tó gba okùn. Ẹ má yọ ìkọ́ kúrò lára irin àtijọ́ kí ẹ wá lu ihò sí i. Irin oní-ìkọ́ ni wọ́n ṣe kí agbára bọ́ sí àárín rẹ̀. Okùn ń fa orí rẹ̀ méjèèjì. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan ń ta irin tí a lè fi ìkọ́ tàbí okùn sí. Ìyẹn ló dára jù.

Okùn Dyneema ni ẹ máa lò, 6 mm, èyí tó ní awọ pọliẹ́sítà lára. Ẹ má jẹ́ kí agbára fà yín sí èyí tó nípọn jù. Dyneema 5 mm lásán gbé ju tọ́ọ̀nù kan lọ, kókó sì lè jẹ tó ìdajì agbára yẹn, síbẹ̀ ó ṣì ju ohun tí káìtì yín lè fà. Ohun tó ń pa okùn ni fífi ara ha nǹkan, iyanrìn àti irin tó ní etí mímú. Dyneema ìhòòhò ń yọ́ ní nǹkan bí 145°C, awọ pọliẹ́sítà ń fara da ooru jù ú lọ dáadáa, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ó ní awọ.

Gígùn ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í. Ẹ fi 22 cm ṣe àyè láàárín ihò méjèèjì lára irin. Tí okùn láti kókó dé kókó bá jẹ́ 24 cm, tí ẹ bá fà á ní àárín, á yọ síwájú ní nǹkan bí 5 cm láti ìlà tó so àwọn ihò náà pọ̀. Ní 26 cm, á yọ tó 7. Ní 28 cm, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé 9. Irin tó tẹ̀ síwájú 3 cm á gba 3 nínú ìyẹn. Nítorí náà 26 ń fún yín ní 4 cm tó ṣẹ́ kù lójú irin, ìyẹn tó kí òrùka má ha irin. Tí ẹ bá kọjá ibẹ̀, ọ̀pá ìdarí á jìnnà, apá á nà tán, ẹ ò sì ní lè dẹ káìtì dé òpin.

Ẹ gé okùn 60 cm. Ẹ fi sánpépà 400 pa etí ihò dan títí tí ìka ò fi ní mọ̀ ọ́n mọ́. Ẹ ti òrùka sínú okùn, ẹ ki orí kọ̀ọ̀kan gba ihò rẹ̀, ẹ ta kókó oníméjọ sẹ́yìn ihò, ẹ sì tún ta kókó kan lé e láti dá a dúró. Ẹ fi ó kéré tán 5 cm sílẹ̀ lẹ́yìn kókó, Dyneema ń yọ̀, kókó tí ìrù rẹ̀ kúrú á rọra tú. Kí ẹ tó wọ omi, ẹ gbé irin mọ́lẹ̀, ẹ fi ẹsẹ̀ tẹ irin, ẹ fi gbogbo ìwúwo ara fa òrùka kí kókó lè fún. Ẹ tún un wọ̀n lẹ́yìn ìyẹn. Kókó tó fún á fi 1 sí 2 cm kún gígùn, nítorí náà 24 tàbí 25 ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ tí ẹ bá fẹ́ 26.

Òrùka: irin aláìdípẹtà, tó dán, tó nípọn. Chicken loop, ìyẹn ojóbó tó wà nísàlẹ̀ ọ̀pá ìdarí tó ń so káìtì mọ́ hánẹ́ẹ̀sì, tó bá jẹ́ oníke tí a fi kọ́ okùn tààrà, á gé e bí ayùn, àwọ̀ rẹ̀ sì máa ń fi han lára okùn kí ó tó gé e. Tí awọ bá ti ya débi tí ẹ ti ń rí funfun inú, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ẹ má fi iná jó o dípò.

ÀbòLákọ̀ọ́kọ́

Kí ẹnikẹ́ni tó fi okùn sí i, ẹ gbọ́ èyí. Chicken loop tó ń wọ ìkọ́, ẹ lè já a kúrò ní ìkọ́ nígbàkígbà. Tó bá jẹ́ okùn ni, a máa ń tì í mọ́ òrùka, kò sí jíjá kúrò mọ́ àyàfi kí ẹ ti “ìtúsílẹ̀ kíákíá”, ohun tó wà lára chicken loop tó ń já káìtì kúrò lára yín. Nítorí náà ìtúsílẹ̀ yẹn gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ lábẹ́ ìfà, kì í ṣe lórí tábìlì nìkan.

Ẹ so okùn kan mọ́ òpó, ẹ kọ́ ọ mọ́ chicken loop, ẹ fi gbogbo ìwúwo ara tẹ̀yìn, kí ẹ sì ti ìtúsílẹ̀ náà. Ẹ ṣe é nígbà tí òrùka wà láàárín, nígbà tó wà ní orí ọ̀tún, àti nígbà tó wà ní orí òsì. Ní orí okùn, àwọn chicken loop kan máa ń há sára irin, ìtúsílẹ̀ á ṣí tán ṣùgbọ́n òrùka ò ní já. Bó bá há, kì í ṣe irú chicken loop tó bá irin yẹn mu. Ẹ tún gbìyànjú ẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ kejì.

Okùn ààbò, líìṣì, kí ẹ má so ó mọ́ okùn tí òrùka ń rìn lórí rẹ̀. Tí okùn yẹn bá já, ẹ ti pàdánù méjèèjì nìyẹn. Ẹ so ó mọ́ òrùka hánẹ́ẹ̀sì níwájú, níbi tí ọwọ́ ọ̀tún àti òsì lè dé. Òrùka ẹ̀yìn tó wà fún àwọn tó ń já ara wọn sílẹ̀ lókè ofurufú kò wúlò lórí fọ́ìlì.

Fọ́ìlìTuntun

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ọ̀gá. Tí mo bá kọ́kọ́ ń lo ìkọ́ títí irin tuntun á fi dé ńkọ́? Ó máa ń ṣẹlẹ̀ kí chicken loop bọ́ kúrò nínú ìkọ́ fúnra rẹ̀.

ÀbòLákọ̀ọ́kọ́

Fọ́ìlì ló ń fa ìyẹn. Nígbà tí ẹ bá bá atẹ́gùn lọ tí ẹ sì yá ju káìtì lọ, tàbí tí ẹ bá yí, okùn á dẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Pátákó lásán á dúró kí okùn tó dẹ̀ pátápátá. Fọ́ìlì ò dúró, ó ń sáré lọ, chicken loop á sì já bọ́. Nígbà tí káìtì bá tún fà, ọwọ́ ni ẹ máa fi gbà á.

Rọ́bà ìdènà tó wà lára chicken loop, ẹ máa tì í bọ inú ìkọ́ kó dí ẹnu rẹ̀. Bí tiyín bá ti sọnù, ẹ rà á kí ẹ tó padà sómi. Ẹ wò ó dáadáa kó má tì lé ojú ìtúsílẹ̀.

Abẹ́rẹ́Àtòwú

Mo rí i pé wọ́n ti gbàgbé hánẹ́ẹ̀sì líle. Ẹ̀yìn líle dára tí káìtì bá ń fà púpọ̀, torí ó ń pín ìfà kárí ẹ̀yìn, kì í ká sí àárín bí èyí tó rọ̀. Ṣùgbọ́n ó ní ìrísí tirẹ̀, kò sì ní yí padà nítorí yín. Ẹni tó wọ bàtà ló mọ ibi tó ti ń ta á: ẹ wọ̀ ọ́ ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ ní kí ẹnìkan fa ìkọ́ sókè àti síwájú fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ibi tó bá pupa lára lẹ́yìn ìyẹn ni ibi tó máa bó yín nínú omi.

Tó bá jẹ́ ibi kékeré, etí òkè ní ìhà tàbí etí ìsàlẹ̀ ní egungun ìbàdí, fóòmù EVA tí kì í mu omi á tún un ṣe. 3 mm ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, 5 mm tí kò bá tó. Ẹ má fi fóòmù sórí ibi tó ń dùn gan-an. Ẹ fi yí i ká, kí ibẹ̀ lè ṣófo, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ kàn ń fi kún ìtẹ̀ ni. Ẹ fi omi mímọ́ fọ iyọ̀ kúrò lójú rẹ̀, kó gbẹ, ẹ fi gọ́ọ̀mù nẹ́óprẹ́ẹ̀nì pa ojú méjèèjì lẹ́ẹ̀mejì, kó gbẹ títí kò fi ní lẹ̀ mọ́ ìka mọ́, kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ pọ̀. Ẹ gé etí fóòmù sí dídagẹ̀rẹ̀, kó má ṣí kúrò.

Eléré_Ìje

Àwọn kan máa ń fi afẹ́fẹ́ gbígbóná tẹ hánẹ́ẹ̀sì líle bá ara wọn mu.

Abẹ́rẹ́Àtòwú

Àyàfi tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe é bá sọ pé ó gba ooru, kí wọ́n sì sọ ìwọ̀n rẹ̀. Káábọ́nù tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù epóṣì ṣe, tí ooru bá pọ̀, gọ́ọ̀mù á rọ̀, àwọn ìpele inú á sì ya kúrò lára ara wọn láìhàn síta. Kíkan ihò sí i náà burú. Ihò á gé àwọn fọ́nrán tó ń gbé ìfà, omi iyọ̀ á sì gba ibẹ̀ wọlé.

Ọ̀nà mìíràn tó sàn fún hánẹ́ẹ̀sì tó ń gòkè ni báńdì itan tí ẹ lè yọ. Ẹ ra báńdì pọliẹ́sítà 25 mm, kì í ṣe náílọ́ọ̀nù, náílọ́ọ̀nù ń nà tó bá tutù. Òwú náà kó jẹ́ pọliẹ́sítà. Ẹ rán an mọ́ báńdì tó ti wà lára hánẹ́ẹ̀sì, kì í ṣe mọ́ aṣọ ìbòrí, aṣọ ìbòrí á ya. Ẹ ṣẹ́ orí báńdì po ní 5 cm, ẹ rán àpótí onígun mẹ́rin pẹ̀lú ìlà àgbélébùú nínú rẹ̀, kí ẹ sì tún rán ìlà dídí sí orí kọ̀ọ̀kan. Bọ́kùlù tó ń já pẹ̀lú ọwọ́ kan ni kó wà níbẹ̀. Báńdì náà kò gbọ́dọ̀ gbé yín, ó kàn ń dí hánẹ́ẹ̀sì lọ́wọ́ kó má gòkè, nítorí náà kí ọwọ́ yín pẹlẹbẹ lè wọ abẹ́ rẹ̀ nígbà tí ẹ bá dúró.

Ìkọ́Irin

Ẹ jẹ́ kí n fi nǹkan kan kún un: fẹ́ẹ̀sì ìdáàbòbò, ẹ̀wù aláìlápá tó ń dáàbò bo àyà àti ìhà. Fún fọ́ìlì ó ṣe pàtàkì, ìyẹ́ abẹ́ omi ń gé ènìyàn. Ṣùgbọ́n fẹ́ẹ̀sì tó gùn dé ìbàdí á wọ abẹ́ hánẹ́ẹ̀sì, á sì máa tì í. Èyí tí wọ́n ṣe fún káìtì kúrú, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì tinrin. Tí ẹ bá ní èyí tó gùn, ẹ wọ hánẹ́ẹ̀sì kọ́kọ́, fẹ́ẹ̀sì lé e, kó má bo ìtúsílẹ̀ àti ọ̀bẹ.

Ọ̀bẹ okùn ńkọ́? Kó wà nínú àpò rẹ̀ níwájú, ní apá tí ọwọ́ méjèèjì lè dé. Okùn káìtì ń wé mọ́ òpó fọ́ìlì nígbà tó bá ṣubú, àkókò yẹn kò sí ìgbà láti wá àpò ẹ̀yìn.

Fọ́ìlìTuntun

Irin tuntun máa ní sukúrù aláìdípẹtà lára álúmíníọ̀mù. Ṣé kò ní há?

OkùnÒJá

Á há tí ẹ bá fi í sílẹ̀. Irin méjì tó yàtọ̀, omi iyọ̀ láàárín wọn, álúmíníọ̀mù ni ìpẹtà máa jẹ. Ẹ yọ àwọn sukúrù náà kí ẹ tó lò ó rárá, ẹ fi gíríìsì láńólíìnì pa wọ́n, ẹ dá wọn padà. Gíríìsì ń mú kí sukúrù lè tú, nítorí náà ẹ máa yẹ̀ wọ́n wò kí ẹ tó wọ omi. Lẹ́yìn ìlò, omi mímọ́ sára sukúrù, bọ́kùlù àti ìtúsílẹ̀. Ẹ ti ìtúsílẹ̀ náà lẹ́ẹ̀márùn-ún nínú omi yẹn kí iyanrìn lè jáde. Ẹ sá hánẹ́ẹ̀sì sí ibòji, oòrùn ń ba báńdì jẹ́.

Fọ́ìlìTuntun

Ìkẹyìn: pẹ̀lú okùn 26 cm, ọ̀pá ìdarí á ṣì jìnnà ju ti ìkọ́ lọ. Apá mi ò gùn. Kí ni mo máa gé?

OkùnÒJá

Ẹ má gé okùn hánẹ́ẹ̀sì kúrú ju 24 lọ, òrùka á bẹ̀rẹ̀ sí í ha irin. Chicken loop ni kí ẹ pààrọ̀. Ẹ wá èyí tí wọ́n ṣe fún okùn, ó kúrú ju ti ìkọ́ lọ ní ọ̀pọ̀ sẹ̀ǹtímítà. Tí kò bá tó, ẹ ti bọ́ọ̀lù ìdádúró lókè ọ̀pá ìdarí sísàlẹ̀, kí ọ̀pá má lè sún kọjá ibi tí apá yín dé. Ẹ dúró létí omi, ẹ fà á mọ́ òpó, ẹ na apá, ìgbọ̀nwọ́ kó ṣì tẹ̀ díẹ̀ nígbà tí ọ̀pá bá kan bọ́ọ̀lù náà. Ẹ rántí pé ẹ ti dín ibi tí káìtì ń dẹ̀ dé kù nìyẹn: tí atẹ́gùn bá ń pọ̀ sí i, 7 m² ni kí ẹ mú, kì í ṣe 9.